Ọmọbìnrin Tó Wà Nídìí Ẹ́ńjìnnì

Eré kọ̀ǹpútà kan wà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ohun tí mo sì fẹ́ kọ́kọ́ sọ ni pé ó dára. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, nítorí mo máa bú u dáadáa. Ẹni tó kọ ìtàn inú rẹ̀ mọ ènìyàn. Ẹni tó ṣe ìyókù, ìyẹn ìjà inú rẹ̀, ìrìn inú rẹ̀ àti bí ó ṣe ń pa ibi téèyàn bá a dé mọ́, kò mọ nǹkan kan. Tí mo bá rí i lónìí, màá fún un ní ìfọ́tí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún wa nílé wa ní Tudun Wada, ní Zaria, nígbà tó ríṣẹ́ sí Àbújá. Ó fi àpò kan tó kún fún àwo sídíì sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, àdàkọ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, bírò ni wọ́n fi kọ orúkọ sí wọn lára. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ̀rúndún yìí ni. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ti daṣẹ́ sílẹ̀, èmi tó yẹ kí n wà ní kíláàsì ní Samaru wá wà nílé, mò ń ti ilé ìdáná bọ́ sí pálọ̀, mò ń ti pálọ̀ bọ́ sí ilé ìdáná. Oṣù kẹrin nìyẹn lẹ́yìn tí ìyá mi kú. Bàbá mi kò sì jẹun mọ́.

Mi ò bù mọ́ ọn. Ìdajì ife kókó, ògì àwọn Hausa, ló ń mu láàárọ̀, á ní ó ti tó. Tí mo bá gbé túwó síwájú rẹ̀ lọ́sàn-án, á fi ìka kan kàn án bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó gbóná, á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ti fi ìṣó lu ihò méjì tuntun sára bẹ́líìtì rẹ̀. Ọkùnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe akọ̀wé ìjọba, tó máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ lọ ṣẹ́ẹ̀tì, wá di ẹni tó ń jókòó sórí àga láti àárọ̀ tó ń wo ògiri. Obìnrin Hausa tó ń ta kọ́sáì, ìyẹn àkàrà, lẹ́nu ọ̀nà wa máa ń yọjú sí i lójoojúmọ́.

"Baba, ya jiki?" á béèrè bóyá ara ti le.

"Da sauƙi," ni bàbá mi máa ń dáhùn, pé ara ti ń fúyẹ́.

Obìnrin náà á wá kọjú sí mi. "Haba, ina sauƙin yake?" Níbo ni ìfúyẹ́ náà wà? Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti sin òbí kan lọ́dún náà, èkejì sì ń lọ díẹ̀díẹ̀ níṣojú mi.

Mo gbé eré náà kalẹ̀ kí n má baà máa gbọ́ bí ilé ṣe dákẹ́ tó. Nígbà yẹn, láàárọ̀ ni wọ́n máa ń fún àdúgbò wa níná, á sì wà títí di ọ̀sán. Mo ti ń ṣe eré náà fún ọjọ́ mélòó kan nígbà tí bàbá mi sọ̀rọ̀ láti orí àga rẹ̀.

"Kí ni bàbá onírùngbọ̀n yẹn ń wí?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju máòsì sílẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó ti béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi kẹ́yìn.

Mo ṣàlàyé fún un. Oòrùn ayé kan ń kú, àwọn ènìyàn ibẹ̀ kó sínú ọkọ̀ ńlá kan, wọ́n ń wá ilẹ̀ mìíràn lọ láàárín àwọn ìràwọ̀. Bàbá onírùngbọ̀n ni ọ̀gá ọkọ̀. Èmi tí mò ń ṣe eré ni igbá-kejì rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa lọ bá àwọn ará ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá sọ tiwọn tán, ìdáhùn méjì tàbí mẹ́ta á jáde, màá mú ọ̀kan. Ibi tí eré náà ti dára nìyẹn, nítorí pé wọn kì í gbàgbé. Ẹni tí o bá rẹ́ jẹ lónìí á rántí lọ́la. Alásè tí o bá yin ọbẹ̀ rẹ̀ á fi ẹran kún tìrẹ. Ọmọbìnrin kékeré kan wà nídìí ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ mẹkáníìkì, ó ń wúkọ́, ó ń ṣẹ̀fẹ̀, gíríìsì kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Tí o bá lọ kí i, ó máa béèrè àlàáfíà ìyá rẹ.

Ojú ẹsẹ̀ ni bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀. "Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn," ló wí. "Sọ fún un kó lo oògùn ikọ́."

Lẹ́tà inú eré náà kéré ju ohun tí ojú rẹ̀ lè kà, nítorí náà èmi ni mò ń kà á sókè, ó sì ní Yorùbá ni kí n máa fi kà á. Ìyọnu mìíràn nìyẹn. Zaria ni wọ́n bí mi sí, Hausa sì já geere lẹ́nu mi ju Yorùbá lọ. Màá ní ọ̀gá ọkọ̀ ya ce kí a yí ọ̀nà padà, bàbá mi á ní, "Ta ni ya ce? Ó ní. Ó ní kí a yí ọ̀nà padà." Ìyá mi ló máa ń tún ọ̀rọ̀ ṣe fún mi bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tó ti lọ, Yorùbá kò fi bẹ́ẹ̀ dún nínú ilé wa mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ń kà á lọ, mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ lọ sínú abọ́ túwó. Òun gan-an kò mọ̀. Ó bu òkèlè, ó fi í kan ọbẹ̀ kúkà, ó gbé e mì, ojú rẹ̀ wà lára kọ̀ǹpútà. Mo di ìkà láti ọjọ́ yẹn. Màá ka ọ̀rọ̀ dé àárín, màá dá dúró.

"Kí ló wá wí?"

"Bàbá, ẹ bu òkèlè ná."

Á bu òkèlè, màá tẹ bọ́tìnnì. Báyìí ni mo ṣe ń fi ìtàn bọ́ bàbá mi bí ẹni tó ń bọ́ ọmọ ọwọ́, n kò sì tijú.

Ohun kan ṣoṣo tí kò fi sílẹ̀ fún mi ni ìdáhùn tí a máa fún ọ̀gá ọkọ̀. Ọkùnrin náà ní ewú lórí àti lágbọ̀n, ìyẹn sì tó fún bàbá mi. Tí ìdáhùn mẹ́ta bá jáde, tí ọ̀kan nínú wọn bá ń ta ko ọ̀gá, á na ìka. "Má dá àgbà lóhùn báyẹn. Mú ti òkè." Ti òkè ni "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ọ̀gá ní kí n gbé bẹ́ẹ̀dì mi kúrò fún àwọn ẹrù rẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọ̀gá ní kí n fọwọ́ sí ìwé tí n kò kà: bẹ́ẹ̀ ni, sà. "Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó," ni bàbá mi máa ń wí, kì í parí òwe náà, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ ìparí rẹ̀. Èmi náà kò janpata. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ èébú tí mo ṣèlérí. Láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì, ìjà ni. Abàmì ẹ̀dá kan náà á jáde láti ẹnu ọ̀nà kan náà, á gbá mi lẹ́ẹ̀kan, màá dúró kó ṣe tán, èmi náà á gbá a lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó tò sórí ìlà omi. Tí o bá wọ líìfítì ọkọ̀ náà, o lè lọ ro túwó kó tó gbé ọ dókè. Ọ̀rọ̀ tí o ti gbọ́ rí, o kò lè fò ó. Èyí tó burú jù ni pé àyè kan ṣoṣo ni eré náà ní tó ń pa nǹkan mọ́ sí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pa á mọ́ nígbà tó bá wù ú, èyí tuntun á sì pa ti àtẹ̀yìnwá rẹ́. Tí wọ́n bá mú iná lọ lójijì, iṣẹ́ òwúrọ̀ ti dòfo. Bí mo bá sì ti bọ́ sínú ìjà, bàbá mi á yíjú padà sí ògiri, ọwọ́ rẹ̀ á kúrò nínú abọ́. Bí wèrè ni mo ṣe máa ń jà, kí n lè tètè dé ibi ọ̀rọ̀ tó kàn kí túwó tó tutù.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a bá a bọ̀. Ó ti ń jẹ ju ìdajì abọ́ lọ, obìnrin oníkọ́sáì sì ti ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ìgbà náà la dé ibi tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ti bàjẹ́. Nǹkan olóró kan ń jò nínú rẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ pè mí wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ́ńjìnnì, ó ní kí n rán ọmọbìnrin mẹkáníìkì wọlé lọ dí i. Ẹni tó bá wọbẹ̀ kò ní jáde. Ọ̀gá mọ̀, èmi náà mọ̀, ọmọbìnrin tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó ń nu ọwọ́ rẹ̀ náà mọ̀.

Ìdáhùn méjì ló jáde. Èkíní ni "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Èkejì ni "Bí ẹ ti wí ni, sà."

"Èwo ló kù?" ni bàbá mi béèrè.

"Kò sí èyí tó kù."

"Wò ó dáadáa."

Mo wò ó. Mo jáde, mo tún wọlé láti ibi tí eré náà pa á mọ́ sí, lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn náà ni, ìtumọ̀ kan náà. Níkẹyìn mo tẹ ọ̀kan. Ọmọbìnrin náà wọlé, ilẹ̀kùn tì. Ó ń bá wa sọ̀rọ̀ lórí rédíò inú ọkọ̀, ó ń ṣẹ̀fẹ̀ pé òun ti mọ̀ pé gíríìsì ni yóò pa òun. Ó ní kí n bá òun kí ìyá mi. A kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Bàbá mi rọra ti abọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Fún ọjọ́ mẹ́ta, omi nìkan ló mu.

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Nígbà tí ikùn ń dá ìyá mi lóró, dókítà sọ fún wa níbí, ní Zaria, pé kí wọ́n là á láìjáfara. Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórí ẹbí wa tí mò ń pè ní Bàbá Àgbà, ti ilé dé láti apá Kàbà. Ó jókòó ní pálọ̀ wa, ó ní a kì í gbé ìyàwó ilé fún àjèjì kó là á nílẹ̀ onílẹ̀. Ó ní kí a gbé e wá sílé, wọ́n á gbàdúrà sí i, wọ́n á sì mọ ohun tí wọn yóò ṣe. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mo gbé omi tí mo fẹ́ fún un lọ́wọ́. Mo rí ojú bàbá mi. Mo rí i pé kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ ti wí ni." Èmi náà kò sọ nǹkan kan, mo gbé omi kalẹ̀. Ọjọ́ kejì tí a dé ilé ni ìyá mi kú. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà ní pálọ̀ wa lọ́jọ́ náà, àní méjì.

Lọ́jọ́ kẹrin tí bàbá mi kò jẹun, mo wọ takisí lọ sí Samaru, sí ibi tí wọ́n ti ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo wá orúkọ eré náà. Lẹ́yìn tí ojú ìwé kan ṣí díẹ̀díẹ̀ bí ìrìn ìgbín, mo rí ohun tí ẹnì kan tí mi ò mọ̀ kọ síbẹ̀. Ó ní ìdáhùn kẹta wà. Àmọ́ ẹni tí kò bá ti kọ̀ fún ọ̀gá ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nínú ọ̀rọ̀ kéékèèké, eré náà kò ní fi ìdáhùn yẹn hàn án nígbà tí ọ̀rọ̀ ńlá bá dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lu tábìlì onítábìlì. Kí ló dé tí wọn kò sọ fún èèyàn látìbẹ̀rẹ̀?

Mo délé, mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá bàbá mi. Mo ní, "Bàbá, ó ṣeé gbà là. A máa tún un bẹ̀rẹ̀."

Ó dáhùn láti inú yàrá. "Láti ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ó jáde wá, ó ń fi ọwọ́ kan ògiri rìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi ṣe ti àkọ́kọ́. N kò rò pé bàbá mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mọ́. Nọ́ọ̀sì kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa ti wò ó, ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní tí kò bá jẹun, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi sí i lára, òun kò sì fẹ́ sọ ohun tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ṣe ni mo ń sáré. Tí iná bá dé ní òwúrọ̀, mo ti wà lórí àga. Mò ń ja ìjà kan náà, mò ń wọ líìfítì kan náà, mò ń jókòó ti ọ̀rọ̀ tí mo ti mọ̀ sórí, mò ń bú ẹni tó ṣe é ní Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì. Àwo sídíì náà ti ní ojú ọgbẹ́, eré á dúró gbagidi nínú líìfítì. Mo fi ọṣẹ ìfọyín nù ún, mo fi aṣọ gbẹ ẹ́, mo gbàdúrà sí i lórí. Ìyẹn ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n n kò mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bàbá mi ń fi ṣíbí mu kókó, nítorí pé mo ní n kò ní ka ọ̀rọ̀ kankan tí kò bá mu. Ìyẹn nìkan ló ń wọ ikùn rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gá ọkọ̀ ní kí n gbé bẹ́ẹ̀dì mi kúrò, mo tẹ "Rárá." Bàbá mi gbé ṣíbí sílẹ̀. "Haba! Báyìí la ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀?" Ó dìde, ó fi pálọ̀ sílẹ̀ fún mi. Ó tó wákàtí kan kó tó padà. Nígbà tí mo kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé tí n kò kà, ó kàn fi ọwọ́ bo ojú. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀gá ní kí n parọ́ fún alásè. Mo kọ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, ó sì lọ.

"Kò bínú?" ni bàbá mi béèrè.

"Kò bínú."

"Ìwọ wò ó dáadáa. Kò bínú?"

"Ó rẹ́rìn-ín, Bàbá."

Ó tún béèrè lọ́wọ́ mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí kọ̀ǹpútà ti kú, bóyá lóòótọ́ ni ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kọkànlá a tún dé ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ́ńjìnnì. Ọ̀gá ọkọ̀ sọ ohun tó sọ. Ọmọbìnrin náà ń nu ọwọ́ rẹ̀. Ìdáhùn mẹ́ta jáde.

"Ìkẹta ti dé," mo wí.

"Kà á."

"Rárá. Mi ò ní rán an wọlé."

"Tẹ̀ ẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá ọkọ̀ yíjú sí mi. Ó ní, "Kò burú. Ẹ jẹ́ ká wá ọgbọ́n mìíràn." Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n já apá kan ọkọ̀ náà dànù, òtútù mú gbogbo wọn fún ìgbà díẹ̀. Ọmọbìnrin mẹkáníìkì wúkọ́, ó ní òun ti fẹ́ sùn tẹ́lẹ̀ náà. Ìyẹn nìkan ni. Mo fò sókè, mo pariwo, obìnrin oníkọ́sáì ń béèrè láti ìta ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo sáré lọ sí ilé ìdáná, mo bu túwó kún abọ́, mo gbé e bọ̀ pẹ̀lú omi ìfọwọ́. Mo rò pé mo ti gba bàbá mi là.

Bí mo ṣe kúnlẹ̀ láti gbé e síwájú rẹ̀ ni mo rí ojú rẹ̀.

"Ṣé ó tán nìyẹn?" ló béèrè.

"Ó tán, Bàbá."

"Gbólóhùn kan? Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

Mo gbé abọ́ kalẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni mo fi ṣiṣẹ́ bí ẹrú kí n lè gbé ẹ̀rí wá fún bàbá mi pé gbólóhùn kan ì bá ti tó.

"Dá a padà síbẹ̀," ló wí.

Eré náà kò tíì pa tuntun mọ́. Mo dá a padà sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ́ńjìnnì. Ọ̀gá ọkọ̀ tún sọ ohun tó sọ. Bàbá mi tẹ̀ síwájú lórí àga, ó di apá àga mú.

"Rárá," ló wí fún kọ̀ǹpútà. Ohùn náà kò jáde dáadáa. Ó ní kí n dá a padà. Ó tún wí i. Ó ní kí n tún dá a padà. Ní ìgbà karùn-ún tàbí ìkẹfà, ó ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ìyàwó mi ni."

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe wà lọ́jọ́ yẹn. Ó yíjú sí mi.

"Ìwọ náà wà níbẹ̀," ló wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́. "Sọ tìrẹ."

Mo ní, "Rárá, Bàbá Àgbà. Ìyá mi ni."

A jọ ń sọ ọ́ títí wọ́n fi mú iná lọ. Kọ̀ǹpútà kú, ọ̀gá ọkọ̀ lọ pẹ̀lú ewú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni bàbá mi fọ ọwọ́ nínú omi tí mo gbé dání, ó fa abọ́ mọ́ra, ó bu òkèlè. Ó ń sunkún, ó ń jẹun, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì ní kí n lọ bu òmíràn wá.